Ìkòkò Tí A Fi Ń Yọ́ Òjé: Níbo Ni Ẹ Ó Gbé E Sí?

Ọ̀rọ̀ òjé ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin apẹja. Ní ìhà Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ọdẹ tí kò rí ọta rà lọ́jà lè yọ́ òjé fúnra rẹ̀, tàbí kí ó gbé e lọ sí àgbẹ̀dẹ. Ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́, apẹja ń so òjé wẹ́wẹ́ mọ́ etí àwọ̀n rẹ̀ kí àwọ̀n náà lè rì kíákíá. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Òjé àlòkù, ìkòkò kan, iná: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, iná mànàmáná ti ń dé ìletò wa. Ìkòkò kan sì wà tí iná mànàmáná ń mú gbóná, tí wọ́n ṣe fún yíyọ́ òjé nìkan. Wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ti ń ṣe ọta wọn nílé. Àwọn kan nínú kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa bi mí pé èwo ni ó dára jù nínú wọn, kí wọ́n lè sọ fún ọmọ wọn tí ó wà ní òkèèrè kí ó rà á bọ̀. Ìbéèrè tí ó dára ni, n ó sì dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí: níbo ni ẹ ó gbé ìkòkò náà sí?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìkòkò náà. Bí a bá ń fi èédú àti ẹwìrì yọ́ òjé, kò sí ẹni tí ó mọ bí ó ti gbóná tó. Òjé ń yọ́ ní dìgírì 327. Omi tí ń hó lórí iná, dìgírì 100 péré ni tirẹ̀. Èédú tí a ń fẹ́ ẹwìrì sí lè kọjá 327 lọ fíofío, òjé á sì máa pọ́n bí ojú oòrùn àṣálẹ́. Bí òjé bá ti ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ burúkú ń jáde láti inú rẹ̀ sí i. Ojú kì í rí afẹ́fẹ́ yìí dáadáa. Ìkòkò iná mànàmáná tí ó ní bọ́tìnì tí a fi ń dín gbígbóná rẹ̀ kù lè dúró sí nǹkan bí dìgírì 350 sí 400, èyí tí ó tó fún iṣẹ́ náà. Àǹfààní tòótọ́ ni èyí, n kò ní sẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá máa ra ọ̀kan, ẹ má ra èyí tí kò ní bọ́tìnì. Irú èyí yóò kàn máa gbóná lọ ni, bí ẹwìrì tí kò rẹ̀.

Ẹ wo iná tí ó ń lò. Ní Amẹ́ríkà, iná ilé jẹ́ fóltì 120. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, fóltì 220 ni tiwa. Ìkòkò tí wọ́n ṣe fún fóltì 120, bí ẹ bá fi í sí iná wa, yóò jó lọ́jọ́ kìíní, owó ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ kí ó tó sanwó. Àwọn kan ń jẹ iná tó wáàtì 700. Gúrúpù kékeré lè gbé e, ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kékeré tí ẹ fi ń tan gílóòbù mẹ́ta nílé kò lè gbé e. Ẹ má fi wáyà tín-ín-rín fa iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wáyà náà yóò gbóná, yóò sì lè jó ilé.

Ní ti ìtóbi, àwọn kan ń gba òjé tó kílò 2, àwọn kan ń gba kílò 4 ààbọ̀, àwọn kan ń gba kílò 9. Òmíràn ní ihò ní ìsàlẹ̀, tí òjé ń gbà jáde sínú múlù, irin oníhò tí a ń da òjé sí kí ó lè di ọta tàbí kí ó di òjé àwọ̀n. Mo fẹ́ràn oníhò yìí ju èyí tí a ń fi ìgbakọ bù lọ, nítorí pé ìdàrọ́ ń léfòó sókè, òjé tí ó mọ́ ni ó ń jáde nísàlẹ̀. Ọwọ́ kì í sì í súnmọ́ òjé gbígbóná púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ihò náà máa ń jò. Ẹ gbé àwo irin sábẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹni tí kò lè ra ti òkèèrè máa ń gbé ìkòkò irin lé réṣò iná mànàmáná tí a fi ń se oúnjẹ. Èyí kò burú ju èédú lọ, bí ìkòkò náà bá jẹ́ irin tí ó nípọn. Kí ó má ṣe jẹ́ ìkòkò alumí, nítorí pé alumí ń yọ́ ní dìgírì 660, èédú tí a ń fẹ́ lè dé ibẹ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ agolo, nítorí pé ojú ibi tí a ti lẹ agolo pọ̀ lè ṣí lójijì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: réṣò tí ẹ bá fi yọ́ òjé kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́ láéláé, ìkòkò náà pẹ̀lú. Fífọ̀ kò tó. Bí ẹ kò bá lò ó mọ́, ẹ lu ìdí rẹ̀ ní ihò kí ẹnikẹ́ni má baà mú un se ọbẹ̀. Ẹ má sì tà á fún àwọn tí ń yọ́ irin àlòkù fi rọ ìkòkò oúnjẹ.

Mo ti dáhùn ìbéèrè yín. Ó ku tèmi.

Ọlọ́jà lè sọ fún yín pé ìkòkò iná mànàmáná kò ní èéfín, nítorí náà ó dára fún inú ilé. Irọ́ ni. Èéfín tí ẹ mọ̀ jẹ́ ti èédú, kì í ṣe òun ni ó léwu jù. Ohun tí ó léwu jù ni eruku. Nígbà tí òjé bá yọ́, awọ eléérú kan máa ń bò ó lójú. Ìdàrọ́ nìyẹn. Bí a bá ha á kúrò, yóò di lẹ́búlẹ́bú, yóò sì fò. Yóò bà lé ilẹ̀, lé aṣọ, lé irun, lé ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Bóyá èédú ni o, bóyá iná mànàmáná ni o, ìdàrọ́ wà níbẹ̀. Kò sí ìkòkò kan, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, tí ó lè sọ òjé di ohun tí a lè yọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ọmọ ti ń rá.

Ọmọ kékeré ni ó ń jìyà rẹ̀ jù. Ọmọ á fi ọwọ́ kan ilẹ̀, á sì fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS ní èdè Faransé, sọ pé ara ọmọ kékeré ń gba òjé tí ó gbé mì ní ìlọ́po 4 sí 5 ju ara àgbàlagbà lọ. Wọ́n tún sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Òjé ń ba ọpọlọ jẹ́. Ọmọ tí ó yẹ kí ó mọ̀wé kò ní lè pọkàn pọ̀. Tí ó bá pọ̀ lára rẹ̀, gìrì á mú un, ó sì lè kú. Fún aboyún, òjé ń kọjá lọ bá ọmọ inú, oyún sì lè wálẹ̀. Àgbàlagbà pàápàá kò bọ́: inú rírun, àìlèyàgbẹ́, orí fífọ́, ẹ̀jẹ̀ tí ń dín kù lára, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín. Ohun tí ó burú sí i ni pé inú egungun ni òjé ń lọ fara pamọ́ sí. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàlì, àwọn ènìyàn ń fọ́ bátìrì mọ́tò láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí i wa iyanrìn ibẹ̀, wọ́n ń sẹ́ ẹ láti rí òjé tí ó kù nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e wá sílé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọ 18 kú níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka iye náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àdúgbò kan ṣoṣo ni. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní àríwá Nàìjíríà, àwọn tí ń wa wúrà ń lọ òkúta rẹ̀ nínú agboolé wọn. Òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Ọmọ tí ó kú lé ní 400. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières wà lára àwọn tí ó tọ́jú àwọn tí ó kù. Lọ́nà méjèèjì, àwọn òbí kò fẹ́ ibi fún ọmọ wọn. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé iṣẹ́ wá sílé.

Èmi kò sọ pé ọdẹ tí ó yọ́ kílò kan òjé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti pa ilé rẹ̀. Ìwọ̀n ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìkòkò iná mànàmáná máa ń mú iṣẹ́ náà rọrùn, ohun tí ó bá sì rọrùn, a máa ń ṣe é lemọ́lemọ́. Ẹni tí ó ń yọ́ òjé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lábẹ́ igi yóò bẹ̀rẹ̀ sí i yọ́ ọ lóṣooṣù nínú yàrá, nítorí pé inú yàrá ni ojú iná wà. Àwọn ará àdúgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí i gbé tiwọn wá bá a. Ìyẹn ni ó ń bà mí lẹ́rù. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Àwọn àgbà kan á dáhùn pé: "Àwọn bàbá wa yọ́ òjé, wọn kò kú." Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ wa mọ òjé tipẹ́. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi òjé ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n níbo ni àwọn bàbá wa ti ń yọ́ ọ? Àgbẹ̀dẹ ni, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìyàwó ti ń tọ́mọ. Àgbẹ̀dẹ kò ní ògiri yíká, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọ ibẹ̀, ó sì ń fẹ́ jáde. Bátìrì mọ́tò kò sì sí nígbà náà. Ta ni ó mọ iye ọmọ tí ó kú nígbà náà tí a sọ pé àbíkú ni? Èmi kò lè sọ. Ẹ̀yin náà kò lè sọ pé kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bátìrì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òjé wa ti ń wá. Bátìrì kì í ṣe òjé lásán. Omi kíkan inú rẹ̀ ń jó ara, ó ń fọ́ ojú. Nǹkan bí ẹrẹ̀ tí ó wà láàárín àwọn pẹlẹbẹ rẹ̀ jẹ́ òjé tí ó ti di lẹ́búlẹ́bú tán kí ẹ tó dáná rárá. Ẹni tí ó bá fi àáké la bátìrì nínú àgbàlá, tí ó da omi rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó ti ṣe ibi tí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò bá níbẹ̀, nítorí òjé kì í jẹrà. Nítorí náà, bí ẹ bá ra ìkòkò tí ó dára jù lọ láyé, tí ẹ sì ń fi bátìrì sínú rẹ̀, owó yín ṣòfò. Ẹ ta bátìrì tí ó kú lódidi, láì fọ́ ọ, fún ẹni tí ó ń rà á. Òjé àwọ̀n tí ó ti gbó, èyí tí a lè tún yọ́, sàn ju ti bátìrì lọ lọ́nà púpọ̀. Apẹja tí ó bá sì lè fi amọ̀ sísun tàbí irin kéékèèké dípò òjé sí etí àwọ̀n rẹ̀, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò ní rì bíi ti òjé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní wọ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Èrò mi rèé. Ẹ má ṣe ra ìkòkò yìí fún ilé. Ẹ ra á fún ẹgbẹ́. Àwọn ọdẹ ní ẹgbẹ́, àwọn apẹja ní ẹgbẹ́. A ń dá àjọ láti fi ra ẹ̀rọ ìlọ̀ àgbàdo. Kí ló dé tí a kò lè dá àjọ ra ìkòkò òjé kan ṣoṣo fún gbogbo ìlú? Ìkòkò kan tí ó ní bọ́tìnì, tí ó ní ihò nísàlẹ̀, tí owó rẹ̀ wọ́n, sàn ju ìkòkò burúkú mẹ́wàá tí ó wà nínú ilé mẹ́wàá lọ. Kí ẹ kọ́ àtíbàbà fún un ní ẹ̀yìn ìlú, kí òrùlé wà nítorí òjò, kí ògiri má sí. Kí ó jìnnà sí kànga, sí odò, sí ilé ìwé, sí oko ẹ̀fọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí: láti àríwá àti ìlà oòrùn ni ó ń bọ̀, kí àtíbàbà má wà ní ìhà yẹn sí ìlú. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe máa ṣe é fún gbogbo ẹgbẹ́, kí wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn. Kí ọmọdé má ṣe bá wọn níbẹ̀, kí a má sì rán aboyún ní oúnjẹ lọ fún wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn ọdẹ yóò sọ. Ọ̀rọ̀ ọta jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ iye tí òun ní. Ó dára. Ẹ gbé òjé yín lọ fúnra yín, ẹ dúró tì í, ẹ kó ọta yín lọ sílé. Àṣírí kò ní tú nítorí ìyẹn. (Ìbọn àti ọta ní òfin tiwọn lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, n kò ní sọ ọ́ níhìn-ín.)

Ní àtíbàbà náà, ohun àkọ́kọ́ ni omi. Omi àti òjé yíyọ́ kì í rẹ́. Bí ẹ̀kán omi kan bá bọ́ sínú òjé gbígbóná, lójú ẹsẹ̀ ni omi náà yóò di ooru, òjé á sì bẹ́ sójú yín bí àgbá. Òjé tí ó tutù, tí ìrì tàbí òjò ti pa, bákan náà ni. Ẹ kọ́kọ́ yá òjé àti múlù sí oòrùn títí wọn yóò fi gbẹ, kí ẹ tó fi òjé sínú ìkòkò kí iná tó mú un gbóná. Ẹ wọ bàtà aláwọ, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, àti ìgò tí ó bo ojú. Sálúbàtà kì í ṣe bàtà iṣẹ́ yìí. Aṣọ tí ẹni náà bo imú kì í dá eruku òjé dúró, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfìfo lọ.

Kí ẹni tí ó ń yọ́ òjé má jẹ obì, má mu sìgá, má jẹun níbẹ̀. Bí ó bá parí, kí ó wẹ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí àtíbàbà, kí ó má wọ̀ ọ́ délé. Ẹ̀yin ọkọ, èmi ń bẹ̀ yín lórí èyí. Ìyàwó ni ó ń fọ aṣọ, ọmọ sì ni ó ń sáré wá dì mọ́ bàbá rẹ̀ nígbà tí ó dé. Ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbẹ gbá ibẹ̀. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ nígbà tí ìkòkò bá ti tutù pátápátá, kí ẹ tó gbá a. Ẹ kó ìdàrọ́ sínú agolo tí ó ní ìdérí, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ sí i lára pé májèlé ni. Èyí ni ọ̀kan nínú àǹfààní mímọ̀wé.

Ẹran tí a fi ọta òjé pa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọta máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ẹran, wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí. Ẹ gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù dáadáa, kí ẹ má sì fún ọmọdé àti aboyún ní ibẹ̀ jẹ.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé epo pupa tàbí wàrà máa ń wẹ òjé kúrò nínú ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí ó dára, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, wàrà, máa ń mú kí ara ọmọ má gba òjé púpọ̀, nítorí náà ẹ fún wọn jẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọ ara, oúnjẹ kò lè lé e jáde. Oògùn kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá tí ó lè fa díẹ̀ jáde. Ó wọ́n, ó ń pẹ́, kò sì lè tún ọpọlọ tí ó ti bàjẹ́ ṣe.

Bí gìrì bá mú ọmọ yín, tàbí inú ń run ún láìdáwọ́dúró, tàbí ó ń rù, tí ẹ sì mọ̀ pé a máa ń yọ́ òjé nílé tàbí ládùúgbò, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì, kí ó tó béèrè, pé: "A máa ń yọ́ òjé." Ẹ má ṣe tijú, ẹ má ṣe bẹ̀rù pé wọn yóò bá yín wí. Ní Zamfara, àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ibà ni ó ń ṣe àwọn ọmọ náà, oògùn ibà ni wọ́n fún wọn, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ pé òjé wà nílé yín, ibà ni òun náà yóò kọ́kọ́ wò.